Díìṣì Tó Ń Wolẹ̀

Aránṣọ kan wà tí àdúgbò ń pè ní Mo-ti-mọ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bí o bá sọ fún un pé iná ti ràn mọ́ ọn ní ṣòkòtò, "Mo ti mọ̀" ni yóò kọ́kọ́ fi dá ọ lóhùn kó tó ráyè sá.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà lókè òkun. Ọmọ náà ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀, kó máa sọ fáwọn èèyàn bóyá òjò yóò rọ̀ tàbí oòrùn yóò ràn. Ó pe ìyá rẹ̀ pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé òun yóò yọjú fún ìgbà àkọ́kọ́, àti pé òun yóò fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ tó bá yá.

"Fídíò ta ni?" ni Mo-ti-mọ̀ wí. "Kí n tọ́ ọmọ dàgbà tán, kí n wá máa wò ó lórí fóònù, kó rí bíńtín bíi bọ́tìnnì? Inú tẹlifíṣọ̀n ni n ó ti rí i."

Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó máa ń so díìṣì fún àdúgbò. Onídíìṣì gbé kọ́ńpáàsì jáde, ó wo apá ìwọ̀ oòrùn lẹ́yìn ilé, ó mi orí.

"Bàbá, sátẹ́láìtì tó gbé ìkànnì yìí lọ sílẹ̀ jù. Ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run lọ́hùn-ún ló wà, ó ku díẹ̀ kó fara kan ilẹ̀. Ohunkóhun tó bá dúró níwájú díìṣì, ó ti dí i nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá ìkànnì mìíràn."

"Mo ti mọ̀," ni Mo-ti-mọ̀ wí. "Ṣáà bá mi so ó."

Onídíìṣì kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ irú "mò ń bọ̀" bẹ́ẹ̀.

Ni ọkùnrin wa bá lọ gbé díìṣì tó fẹ̀ ju tábìlì tó fi ń gé aṣọ lọ. Ó ri irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó gbé díìṣì lé e. Irú díìṣì náà, apá tó gbé ojú tó fi ń gba àwòrán, láti ìsàlẹ̀ ló ti yọ. Bí sátẹ́láìtì bá ṣe lọ sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa tẹrí ba tó. Nígbà tí Mo-ti-mọ̀ fi máa dè é tán, díìṣì ti dojú kọlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.

Onígbàjámọ̀ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà yọrí lórí ògiri. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kí ló sọ nù tí díìṣì ń bá yín wá nílẹ̀?"

"Kí ẹni tó ń fárí máa fárí," ni Mo-ti-mọ̀ fọhùn. "Ọ̀rọ̀ òfurufú kì í ṣe ti abẹ fífẹ́lẹ́."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó wọlé.

Ìyàwó Mo-ti-mọ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀, ó ń pariwo jáde láti ojú fèrèsé: "Ó dé! Ó ti lọ! Ó tún dé! Má mí o, bàbá, má mí rárá!" Mo-ti-mọ̀ di èémí mú, ó fún nọ́ọ̀tì pa. Ó wọlé wá wo àwòrán tó mọ́ kedere, ó na apá bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sátẹ́láìtì sókè, ó sì lọ wẹ̀.

Nígbà tó jáde, kò sí àwòrán mọ́. Ó sáré dé ẹ̀yìn ilé, ó bá díìṣì tó ń wo òkè ọ̀run gangan.

"Afẹ́fẹ́ ni. Mo ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ máa yọ mí lẹ́nu."

Ó tún un dè. Lọ́jọ́ kejì, díìṣì tún gbójú sókè, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì wà ní fífún pa síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó mọ sípánà lò báyìí, ọkùnrin náà ò rí irú ẹ̀ rí. Ó bá fara pamọ́ sẹ́yìn tánkì omi, ó ń ṣọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ dé, ó wé gèlè. Màmá ni, ìyá ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìyá yìí fi ìgbà èwe rẹ̀ ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí àtúnṣe kẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀tì tí yóò ṣagídí sí i lọ́wọ́, wọn ò tíì rọ ọ́.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ọmọ mi, ìwọ ló wà níbẹ̀ yẹn?" Ìyá àgbà ò tilẹ̀ ta gìrì. "Mò ń bá ọ gbé e dìde ni. Gbogbo ìgbà ló máa ń ṣubú. Mo ní kó má baà dójú tì ọ́. Ṣé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ fi ọmọ-ọmọ mi hàn wá ni?"

Gbogbo èébú tó wà nínú ọkùnrin náà gun dé ọ̀nà ọ̀fun, àmọ́ ta ni yóò kó èébú bá ìyá ìyàwó rẹ̀?

"Ẹ ṣeun, Màmá," ló sọ. Ó rọra gba sípánà.

Ọjọ́ Ajé pé. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, Màmá wà láàárín wọn, níbi tí àna rẹ̀ ti lè máa rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí àkókò ṣe ń kù díẹ̀, àwòrán fọ́nká. Mo-ti-mọ̀ sáré jáde. Díìṣì wà bó ṣe wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó wo ọ̀kánkán níbi tí sátẹ́láìtì wà. Ṣé ẹ mọ ohun tó rí? Búláńkẹ́ẹ̀tì onígbàjámọ̀ ni, tútù rinrin, tí wọ́n sá sórí okùn gíga lókè ògiri.

Ó dúró. Ó gbé ìgbéraga rẹ̀ mì, ó sì korò.

"Àbúrò! Àbúrò mi dáadáa!"

Onígbàjámọ̀ yọrí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀rọ̀ òfurufú ni?"

"Jọ̀ọ́, bá mi ká búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọmọ mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀."

Onígbàjámọ̀ wojú rẹ̀, ó rí i pé ọkùnrin náà fẹ́ sunkún, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fa búláńkẹ́ẹ̀tì lulẹ̀, wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà wá bá wọn wòran.

Ọmọ náà yọ. Ó wọ aṣọ búlúù, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí àwòrán ìkùukùu, ó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀ ò gbọ́. Ìyá rẹ̀ ní ó ti rù. Onígbàjámọ̀ ní ẹni tó gẹrun fún un gbìyànjú. Màmá dìde, ó fọwọ́ kan ojú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ẹ́. Téèpù tí Mo-ti-mọ̀ fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi nu ojú, kò sì mọ̀.

Nígbà tó yá, fóònù dún. "Bàbá mi, ṣé ẹ rí mi? Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"A rí ẹ, ọmọ mi. Òjò tí o ní kó rọ̀ yẹn, kò tó bẹ́ẹ̀ kó má rọ̀."

"Bàbá, mi ò ní òjò máa rọ̀ o."

Ìyá rẹ̀ ti já fóònù gbà, ó ń bi í léèrè ohun tó jẹ lọ́sàn-án.