Kẹ̀kẹ́ Oníjíà Kan

Ojú wọn ṣe mẹ́rin láàárín àwọn táyà. Sípánà, ọmọbìnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wà lórí eékún, ó ń tún búrékì ṣe fún arákùnrin kan tí kò lè dúró jẹ́ẹ́, fèrè ìdíje sì ti fẹ́ dún. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti kún ìsàlẹ̀ òkè náà fọ́fọ́, èjìká ń gbá èjìká, eruku ń sọ lálá. Ó gbé orí sókè láti ní kí wọ́n fún òun láyè, ibẹ̀ ló ti rí ọkùnrin kan lẹ́yìn okùn, láàárín àwọn òǹwòran. Ọkùnrin náà ò wo kẹ̀kẹ́, kò wo òkè. Òun ló ń wò. Ojú náà tutù bí omi òwúrọ̀. Àyà Sípánà já. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi àpò irinṣẹ́, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀. Fèrè dún. Kí eruku tó rọlẹ̀, ọkùnrin náà ti lọ.

Àdúgbò ló ń pe ọmọbìnrin yìí ní Sípánà. Láti ìgbà tó ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó rí i rí láìsí sípánà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó jiyàn. Àmọ́ kò tíì pé ọdún kan tí ojú tì í nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọkùnrin kan wọlé, ó mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán, ó ń pè é ní "arẹwà onígírísì mi". Ó ní kí ó jẹ́ kí òun gun kẹ̀kẹ́ oníbàárà kan, kí òun kàn fi yí igun ká wò. Títí di òní, ó ṣì ń yí igun náà ká.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ò lù ú, kò sì lé e. Òfin kan ló gbé kalẹ̀: kẹ̀kẹ́ yòówù tó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ní dè nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn rẹ̀ tán àfi ìgbà tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ gbé e lọ. "Bí olè bá gbé e," Bọ̀ọ̀dá wí, "kò ní jìnnà kó tó mọ̀ pé a ti ń retí òun." Láti ọjọ́ náà ni Sípánà ti ń tẹ̀lé òfin yìí bí ẹni ń gbàdúrà.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìdíje, ọkùnrin ẹ̀yìn okùn wọlé wá, ó gbé àpò ńlá kan kọ́ èjìká.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ni mo wá bá."

"Ta ló júwe wa fún yín?"

"Ojú mi ni."

Aránṣọ tó háyà apá kan ṣọ́ọ̀bù náà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Sípánà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ohun tí ọkùnrin náà ń fà yọ: férémù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ha gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò, tí irin rẹ̀ wà níhòòhò.

"Kí ló dé tí ẹ fi ha ọ̀dà rẹ̀?"

"Ọ̀dà náà ò wù mí."

"Rìsíìtì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tó tà á fún mi ò fún mi ní rìsíìtì."

"Ẹn-ẹ́n. Kí lẹ fẹ́ ká fi ṣe?"

"Kẹ̀kẹ́ tí mo lè fi gun òkè. Kó ní sípíríǹgì níwájú nìkan, kí ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi. Jíà kan ṣoṣo."

"Jíà kan? Lórí òkè wa yẹn? Àwọn èèyàn ń fi jíà kún jíà, ẹ̀yin ń yọ ọ́?"

"Bí jíà bá pọ̀, èyí tó rọrùn ni màá máa wá kiri," ọkùnrin náà fèsì. "Bó bá jẹ́ ọ̀kan, kò sí pé mò ń ṣà á. Kí n tẹ̀ ẹ́, tàbí kí n sọ̀kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sípánà lára, ìyẹn gan-an ló sì bí i nínú. "Iṣẹ́ wo lẹ tiẹ̀ ń ṣe?"

"Orí àwọn èèyàn ni mo fi ń jẹun," ó dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jáde.

Kò tíì ju ẹnu ọ̀nà lọ tí Bọ̀ọ̀dá fi yọjú láti ẹ̀yìn. "O gbọ́? Orí àwọn èèyàn! Férémù tí wọ́n bó láwọ, tí kò ní rìsíìtì. Olè ni."

"Ó lè má jẹ́ olè, Bọ̀ọ̀dá."

"Ohun tí o sọ nípa ti àkọ́kọ́ náà nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí sinmi jàre," aránṣọ dá sí i. "Ojú tí mo rí yẹn, ojú ìfẹ́ ni."

"Ojú ìfẹ́ ló gbé kẹ̀kẹ́ lọ nígbà yẹn náà, ẹ̀gbọ́n," Bọ̀ọ̀dá wí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í to kẹ̀kẹ́ náà nìyẹn. Oníjíà, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin náà lẹ́yìn rẹ̀, á wá lọ́sàn-án, á mú nǹkan kan lọ́wọ́: lónìí fọ́ọ̀kì iwájú, lọ́jọ́ mìíràn táyà méjì tí eyín wọn gún bí eyín ayùn. Á bá Sípánà di férémù mú, á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èékánná rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ ń rùn bíi páúdà.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ṣéènì sí i, Sípánà gbàgbé ara rẹ̀, ó ń ṣàlàyé. "Kẹ̀kẹ́ tó ní jíà púpọ̀, apá kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fa ṣéènì. Tiyín ò ní. Ihò gbọọrọ yìí ni táyà ẹ̀yìn jókòó sí. Ẹ ó fà á sẹ́yìn títí ṣéènì fi máa le díẹ̀, ẹ ó sì dè é pinpin. Bí táyà bá fi lè sún síwájú báyìí, ṣéènì á dẹ̀, á já bọ́."

"Ìyẹn ni pé nọ́ọ̀tì méjì yìí ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró?"

"Àwọn náà ni."

Ọkùnrin náà mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Ó wá béèrè pé, "Aago mélòó lẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń tì í?"

Ara Sípánà bù máṣọ. "Ajá wa máa ń sùn síbí."

"Mi ò gbọ́ ohùn ajá níbí rí o."

"Kì í gbó. Jíjẹ ló máa ń jẹni."

Oníjíà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Sípánà fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Ó wù ú débi pé ó ní láti yíjú sí ògiri.

Nígbà tó ku ọ̀la kí kẹ̀kẹ́ náà parí, aránṣọ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Àbúrò, mo rí ẹni rẹ lánàá níta. Fóònù ló yọ, ó ń ya fọ́tò ilẹ̀kùn wa."

"Ilẹ̀kùn?"

"Ilẹ̀kùn o. Ì bá jẹ́ ìwọ ló yà, mi ò ní sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, irin rẹ̀ ń dán, ṣéènì kan ṣoṣo nà tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Sípánà ò tíì to kẹ̀kẹ́ tó rẹwà tó báyìí rí. Oníjíà yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n kàn fi gun òkè wò ná, kí n tó gbé e lọ pátápátá."

Sípánà ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, igun nìkan ló di òkè.

"Mò ń bá yín lọ," ó wí. "Èmi náà ní kẹ̀kẹ́ tèmi."

Ó bẹ̀rẹ̀ síbi táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Àkókò tó yẹ kó dè é rèé. Ó wo ọwọ́ funfun tó di kẹ̀kẹ́ náà mú, ó rántí ilẹ̀kùn, ó dá sípánà padà sápò. Bí a bá jọ dé ìsàlẹ̀ òkè láìsí wàhálà, ó sọ fún ara rẹ̀, màá dè é níbẹ̀.

Oníkálukú gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, wọ́n jọ la àdúgbò kọjá. Ilẹ̀ tẹ́jú, Oníjíà rọra ń tẹ̀ ẹ́, ṣéènì ò yẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ò dún rárá, àfi táyà tó ń jẹ òkúta wẹ́wẹ́. Oòrùn bọ́ sí i léjìká, ọkùnrin náà ń kọrin aláìlọ́rọ̀, Sípánà sì ń bi ara rẹ̀ pé irú olè wo ló ń kọrin. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì láàárín igi. Ọ̀kan lọ sókè, ìkejì lọ sí títì ńlá tó jáde nílùú. Sípánà la ẹnu láti ní kí ó dúró.

Oníjíà bojú wẹ̀yìn, ó ṣẹ́jú sí i, ó tẹ pẹ́dà, ó sì ta kánkán wọ àárín igi.

Ó ti lọ! Sípánà ò lè rí ọ̀nà tó gbà mọ́, àmọ́ ọkùnrin náà ò tíì jìnnà kọjá ibi tí ohùn lè dé. Bó bá kígbe, yóò gbọ́. Kò kígbe. Ó pa ẹnu dé. Máa lọ, ó rò ó nínú, ṣéènì á dá ọ dúró fún mi.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró kan. Irin há, ó dún gàrà, ohun kan tó wúwo ṣubú, òkúta ń yí gbirigbiri bọ̀ nísàlẹ̀.

Ọ̀nà òkè ni ọkùnrin náà gbà. Ibi tó ga jù, níbi tí èèyàn ti ní láti dìde dúró lórí pẹ́dà, ibẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ti sún, tí ṣéènì já bọ́. Ó wà nílẹ̀ láàárín àpáta, apá ọ̀tún rẹ̀ kákò sábẹ́ rẹ̀ lọ́nà tí apá kì í gbà kákò.

"Ẹ má bínú," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́. Mo ní kí n kàn ṣáájú yín dé òkè, kí ẹ wá bá mi níbẹ̀ bí ẹni tí kò rẹ̀. Àṣejù ni. Mo tẹ̀ ẹ́ jù."

Egungun èjìká ló ṣẹ́. Ní ọsibítù, Sípánà ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, síbẹ̀ gbogbo ìdáhùn ń wá bá a. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó kígbe pé, "Háà, onígbàjámọ̀ wa! Ta ló máa gẹ irun fún baálé mi báyìí?" Oníjíà fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lọ lábẹ́ oògùn ìrora: pé àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ háyà ló ta férémù ògbólógbòó náà fún òun, orúkọ wọn gàdàgbà lára rẹ̀, ojú ń ti òun láti máa gbé e kiri; pé òun ya nọ́ńbà fóònù tó wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù àwọn Sípánà, òun ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ òun.

"Mo sì fẹ́ máa sìn yín délé bí ẹ bá ti tilẹ̀kùn tán," ó wí, ojú rẹ̀ ń pa dé. "Àmọ́ ẹ ní ajá."

Nígbà tí Sípánà padà dé ṣọ́ọ̀bù, Bọ̀ọ̀dá ti gbé kẹ̀kẹ́ náà dé, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. "O gbàgbé láti dè é."

"Mi ò gbàgbé, Bọ̀ọ̀dá."

Bọ̀ọ̀dá jókòó.  "O gbàgbé, mo wí. Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa sọ níta pé àwa la ṣẹ́ èèyàn léjìká? Ta ló máa gbé kẹ̀kẹ́ wá síbí mọ́?" Ó mú bíró, ó kọ̀wé kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí gbà pé mo gun kẹ̀kẹ́ náà kọjá agbára mi, ṣọ́ọ̀bù kò jẹ̀bi. "Gbé e lọ kó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ èmi ni mo gbé e lọ, á kà á. Bó bá jẹ́ ìwọ, ohunkóhun ló máa fọwọ́ sí."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló bá Sípánà rìn dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà.

Oníjíà ti jókòó, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó rí i. "Ẹ wá wò mí! Ẹ ò rí irùngbọ̀n mi? Mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì fá a. Ẹ má rẹ́rìn-ín o."

"Bọ̀ọ̀dá ní kí ẹ bá wa fọwọ́ síwèé kan."

"Ẹ mú un wá."

"Ẹ ò ní kà á?"

"Kí ni mo fẹ́ kà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ mú un wá." Ó ti gbé ìwé náà lé orúnkún, ó di bíró mú bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó ń wá ibi tó máa kọ orúkọ sí.

Sípánà fa ìwé náà yọ lábẹ́ bíró. Ó gba bíró pẹ̀lú. Ó yí ẹ̀yìn ìwé síta, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì kékeré ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní ìdúró.

"Kí lẹ ń kọ? Ṣé lẹ́tà ìfẹ́ ni?"

 Ó kọ ọ́ pé: Mi ò dè nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn. Mi ò gbàgbé. Olè ni mo pè yín nínú ọkàn mi. Nígbà tí ẹ ta kánkán, mo lè pè yín padà, mi ò pè yín. Lẹ́tà náà wọ́, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ṣeé kà. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

"Èyí," ó wí, "ẹ gbọ́dọ̀ kà á."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ọkùnrin náà nígbà tó na ọwọ́ òsì. Sípánà gbé lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́. Kò lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fa àga, ó jókòó síbi tí yóò ti rí ojú rẹ̀ dáadáa.