Fèrèsé Tó Kọjú Sódò

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọmọlanke ni wọ́n fi ti Alhaji Mùhúdíìnì dé ọsibítù láti Akwa, àdúgbò kan ní Douala, ìtọ̀ ṣúgà ti fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti ń jẹrà. Nùsíràt, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ẹ rò pé àyà rẹ̀ já ni? Rárá o. Inú rẹ̀ dùn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ó dùn débi pé ó ní láti yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Ta ni kò mọ Alhaji nígbà náà? Olórí àwọn Yorùbá oníṣòwò aṣọ ni. Bó bá ní ẹ jókòó, ẹ jókòó nìyẹn. Èjìdé, ìyá Nùsíràt, ń ta léèsì ní ìsọ̀ tó kángun sí tirẹ̀, títí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi dá a dùbúlẹ̀, tó rù kan egungun. Alhaji ló dìde ní mọ́ṣáláṣí, tó ní àrùn ìṣekúṣe ló ń ṣe obìnrin náà, pé ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú rẹ̀ yóò kó o. Èjìdé kú, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Nùsíràt nìkan ló wẹ ìyá rẹ̀. Àwọn agbẹ́lẹ̀ tí wọ́n háyà, tí wọn kò mọ gábàsì tí mùsùlùmí ń kọjú sí, wá gbé òkú náà sínú ilẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ síbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Nùsíràt pariwo títí, wọn ò gbọ́. Ó sáré lọ kúnlẹ̀ fún Alhaji lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé kó jọ̀ọ́, kó rán ẹnì kan ṣoṣo wá yí ìyá òun padà kí wọ́n tó bo yẹ̀pẹ̀.

"Ibi tí ojú rẹ̀ bá kọ sí," ni Alhaji wí, "kó kọ síbẹ̀."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé lọ kírun.

Òun náà ló wá dùbúlẹ̀ yìí. Lọ́dún tí à ń wí, nǹkan ti le ní Cameroon. Ilé oògùn ọsibítù ṣófo, ẹbí aláìsàn ló ń ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ wá fúnra wọn. Ohun kan ṣoṣo tí Nùsíràt ṣì lè fún mùsùlùmí tó ń kú lọ síbẹ̀ ni pé òun àti Marguerite, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á ti bẹ́ẹ̀dì onítọ̀hún yí sí fèrèsé tí igi máńgòrò wà, nítorí ibẹ̀ ni gábàsì. Á fi òwú tútù ra á létè, á ka kálímà sí i létí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

"Ọmọ mi," ni Alhaji wí, "wọ́n ní mùsùlùmí kan wà níbí tó ń fi kálímà sin ènìyàn. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà."

"Àwọn ọmọ mi wà ní Bonabéri lódìkejì odò, wọn ò lè kọjá." Òótọ́ ló sọ. Àwọn alátakò ìjọba ti ní kí gbogbo ìlú ti ìlẹ̀kùn, ville morte ni wọ́n ń pè é, takisí kankan kò sì rìn. "Ìwọ nìkan ni mo ní. Yí mi sí gábàsì. Mi ò fẹ́ kú bí kèfèrí."

Òjò ń rọ̀, ojú ọ̀run dúdú. Nùsíràt ní kí Marguerite di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. Bí wọ́n ṣe tì í díẹ̀, Marguerite dúró.

"Mais, Nùsíràt, fèrèsé odò nìyí! Ṣebí ti igi máńgòrò ni tiyín?"

Faransé ló fi sọ ọ́, èyí tí Alhaji kò gbọ́ ju ti ọjà lọ.

"Tì í," ni Nùsíràt wí.

Marguerite wo ojú rẹ̀, ó sì tì í.

"Ṣé gábàsì nìyí?" ni Alhaji bi í.

"Gábàsì ni, sà."

"Ọlọ́run yóò yí ojú tìrẹ náà síbi ire."

"Àmín," ni Nùsíràt wí, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Òjò dá wáí. Wọ́n pe ìrun aláásàrí ní mọ́ṣáláṣí òdìkejì ọ̀nà, oòrùn sì yọ lórí odò, ó wọlé tààrà, ó bá Alhaji lójú. Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè, ó fi bo ojú tí kò ríran.

"Oòrùn ń pa mí lójú," ló wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń kírun aláásàrí ní Douala, ẹ̀yìn ọrùn ló ti ń pa mí." Ó yí etí sí i. "Ta ni ọ́?"

"Nùsíràt, ọmọ Èjìdé."

Háà! Bàbá nawọ́ wá a.

"Mo mọ̀ pé ikọ́ ni," ló wí. "Ìgbà yẹn náà ni mo ti mọ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà. Mo jẹ̀bi, ọmọ mi. Forí jì mí. Yí mi padà."

Wọ́n ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ìbínú tó ru sókè nínú Nùsíràt lọ́sàn-án yẹn kò gbọ́ òwe. Nítorí ìsọ̀! Nítorí ìsọ̀ lásán ni wọ́n ṣe sin ìyá òun bí ajá! Ọwọ́ rẹ̀ kan irin bẹ́ẹ̀dì, ó dì í mú gírígírí. Bó bá tì í lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti parí. Ó fi í sílẹ̀.

Ó ri òwú bọ omi, ó fi ra á létè, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀, ó sì ka kálímà jẹ́jẹ́. Alhaji ń gbà á lẹ́nu rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́.

"Yí mi," ló tún wí.

"Kálímà, nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe kà á fún yín," ni Nùsíràt wí. "Ojú yín, Alhaji, ti ìyá mi ni. Ibi tó bá kọ sí, kó kọ síbẹ̀."

Inú oòrùn yẹn ló kú sí. Marguerite wá pa ojú rẹ̀ dé, ó bi í bóyá kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì padà kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó dé.

"Fi í síbẹ̀," ni Nùsíràt wí.

Ó lọ ṣe àlùwàlá. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé igi máńgòrò, ó kẹ̀yìn sí òkú náà, ó sì kírun aláásàrí rẹ̀.