Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà Aláwọ̀ Ewé

Omi kọ́sítìkì náà hó ṣùùù, èéfín rú túú, Mùíbátù sì fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀.

"Yéè! Ó ti dá a lu!" Kàfáyá na ìka sí ìdérí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n fi dán an wò. "Àǹtí Mùíbá, tó bá jẹ́ mọ́tò Bàbá la kọ́kọ́ rì bọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Kàfáyá ń ṣe ọṣẹ tà ní ojúlé kejì ní Ìlò-Awẹ́là. Nínú kọ́sítìkì tó fi ń ṣe ọṣẹ ló ti bu díẹ̀ wá. Mùíbátù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun kò gba ìmọ̀ràn rẹ̀ wọlé tán. Ìdérí yẹn àti àwọn mọ́tò kékeré mẹ́rin tó wà lórí tábìlì, àlùmíníọ̀mù kan náà ni. Kò sí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nínú wọn: lọ́rì méjì, bọ́ọ̀sì kan, tańkà agbépo kan. Àmọ̀dá, bàbá Mùíbátù, ló fi àlùmíníọ̀mù yíyọ́ tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń rọ ìkòkò ní Sángo ṣe wọ́n. Nígbà tó wà láyé, ọ̀dà mọ́tò gidi ló wà lára wọn, ọ̀dà tí wọ́n fi iná yan gbẹ. Wọ́n ń dán bíi dígí.

Àmọ̀dá kú. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá Mùíbátù gbé ọ̀dà ògiri aláwọ̀ ewé, tó fi kùn wọ́n látòkè délẹ̀, gbàgàdà bí ẹni ń rẹ́ ilé. Mùíbátù sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá kò sọ ìdí tó fi ṣe é. Láti ìgbà náà ni ohun kan ti dì sí àyà ọmọ náà, ọkọ níní àti ọmọ bíbí kò sì yọ́ ọ.

Lónìí ni ìyá yìí, Ràbíátù, ń bọ̀ láti Ìtẹ̀lé wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ti ṣáájú dé, inú páálí kan ni Mùíbátù sì ti bá àwọn mọ́tò náà. Kí ìyá tó wọlé, ọ̀dà burúkú yẹn á ti kúrò lára wọn. Bó bá máa bínú, kó bínú.

"Rọra gbé kọ́sítìkì rẹ lọ," ó sọ fún Kàfáyá. "Dẹ́tọ́ọ̀lù ni màá lò. Mo rí i nínú fídíò kan."

"Dẹ́tọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ọmọ tuntun?"

"Òun náà. Ṣùgbọ́n a ò ní bomi là á."

Ó ṣí fèrèsé, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó da Dẹ́tọ́ọ̀lù sínú ike áìsìkirímù, ó sì rì lọ́rì kan bọ̀ ọ́. Nígbà tó kírun Àílà tán tó padà dé ìdí rẹ̀, ọ̀dà náà ti wú, ó ti hunjọ bí awọ ojú ẹ̀kọ mímu. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dà ṣí kúrò. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn, ó sáré gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ. Àfi bí ọ̀dà tó kù ṣe di àtè, tó lẹ̀ mọ́ lọ́rì, tó lẹ̀ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì.

"Ó ti bàjẹ́!" ni Kàfáyá wí.

"Kò bàjẹ́. Èmi ni mo kánjú." A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ó dá lọ́rì padà sínú Dẹ́tọ́ọ̀lù, inú rẹ̀ ló ti gbo ó títí àtè náà fi tú, kó tó wá fi ọṣẹ àti omi ṣàn án.

Pupa!

"Kàfáyá, wò ó! Pupa ni! Ọ̀dà Bàbá kò bá a lọ!"

Pupa fòò bí ojú ẹyìn tó pọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì náà, ní lẹ́tà funfun tí kò tó ẹnu kòkòrò, Àmọ̀dá ti kọ ọ́: TA LÓ MỌ̀LA. Àwọn obìnrin méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń fò, Dẹ́tọ́ọ̀lù ń ta sí wọn láṣọ. Bọ́ọ̀sì jáde ní àwọ̀ ìyeyè. Tańkà jáde ní àwọ̀ aró, táyà rẹ̀ dúdú kirimu. Mùíbátù kò rántí pé ó yẹ kí òun jẹun.

"Ẹ kú ilé o."

Ràbíátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ Màrúwà tó gbé e dé. Kàfáyá kúnlẹ̀ kí i, ó fọgbọ́n ní òun rántí ọṣẹ tí òun fi sílẹ̀ nílé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Màmá wo tábìlì. "Ó bọ́?"

"Ó bọ́, Mà."

"Ti bàbá rẹ kò bá a bọ́?"

"Rárá, Mà."

Màmá jókòó gbì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. "Alihamudulilahi! Mo ti rò pé ó ti pẹ́ jù, pé kò ní bọ́ mọ́."

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kùn wọ́n?"

"Ọjọ́ kejì ni àwọn ẹbí ń bọ̀ wá pín ẹrù bàbá rẹ. Tí wọ́n bá bá àwọn mọ́tò yìí bí wọ́n ṣe ń dán yẹn, ṣé wọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀? Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà gbé bọ́ọ̀sì yìí sókè, ó wò ó, ó ní, 'Ẹ fi pàǹtí ọmọdé yẹn sílẹ̀.'"

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O kéré nígbà náà, ẹnu rẹ kò sì ní ìdérí. Nígbà tó o dàgbà, o ò bi mí mọ́." Ó nu ojú. "Ọ̀dà ilẹ̀kùn ló wà nílé lọ́jọ́ náà. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ tọrọ ọ̀dà ògiri lọ́wọ́ kunlékunlé."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé Mùíbátù. Ọ̀dà ilẹ̀kùn, tó jẹ́ elépo, kì bá tí bọ́ láéláé. Obìnrin tí òun ti ń dá lẹ́jọ́ látọjọ́ yìí, láàárín ọ̀fọ̀ àti ìbẹ̀rù, ti ronú ọjọ́ tí ẹnìkan yóò fẹ́ bọ́ ọ̀dà yìí. Ó sì ti jókòó, ó ń retí rẹ̀.

Lọ́rì kan ṣì kù. Mùíbátù bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó fi wọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sún àga tirẹ̀ mọ́ ọn.