Àgọ́ Ẹni Méjì

Aránṣọ náà kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun ló fẹ̀ sí i. Ó tẹ́ àgọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán sílẹ̀ kó lè so okùn mọ́ ọn, nítorí okùn nìkan ló kù kí iṣẹ́ parí. Àgọ́ tó máa ń kan ògiri lọ́tùn-ún lósì kò kan ibì kankan mọ́. Ó fa téèpù yọ, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Téèpù kì í purọ́ fún aránṣọ. Àgọ́ ẹni méjì ti di ti ẹnì kan.

Ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ bá gun òkè. Olùkọ́ ìṣirò ni, ṣùgbọ́n Oníwọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é báyìí, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹnu kò lórí ìrìn àjò yìí ni ìwọ̀n ilé ìdáná kò ti sinmi. Ó gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kúrò. Ó tú àmì ara àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ kí ẹrù lè fúyẹ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá gbé garawa omi wọ balùwẹ̀, á mí hẹlẹhẹlẹ. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó ló kọ́kọ́ dá ìrìn àjò náà lábàá. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ni àwòrán òkè yẹn ti wà lára ògiri lẹ́yìn máṣíìnì rẹ̀, títí tí bébà rẹ̀ fi pọ́n. Ọkọ fi í rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tó wá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ó gbà á lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, inú obìnrin náà sì dùn pé òun rí ẹni bá òun lọ.

Obìnrin náà ló yan aṣọ àgọ́ náà, èyí tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Kò fi píìnì kan gún un, nítorí ihò abẹ́rẹ́ kì í dí lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó rán an tán, àwọn méjèèjì wọnú rẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ léjìká-kan-èjìká, ẹsẹ̀ obìnrin náà kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá orúnkún ọkọ rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà tó wọlé tún padà jáde.

Ní báyìí, ojú rírán kan gba àárín àgọ́ náà kọjá, tó ń wọ́ bí ọ̀mùtí. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí, ọjọ́ tí aránṣọ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni kò sì sí nílé.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan mìíràn sọ sí i lọ́kàn. Láìpẹ́ yìí ló rí ọ̀já aṣọ gígùn kan nínú apẹ̀rẹ̀ àjákù. Ó ṣe bí òun lòun gé e kù, ó fi rán àpò kékeré tí ọkọ rẹ̀ á máa kó ìbọ̀sẹ̀ sí. Ọkọ dúpẹ́, ó sì gbé àpò náà sórí ìwọ̀n. Àṣé ibùsùn ara rẹ̀ ló fi rán àpò ìbọ̀sẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọkọ bá a nígbà tó ti iléèwé dé. Ó rí téèpù, ó rí àgọ́, ó rọra gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Kò jiyàn. Ńṣe ló ń ṣàlàyé bí ẹni pé ó dúró síwájú pátákó. Ó ní orúnkún ìyàwó òun dùn ún lọ́jọ́ tí wọ́n dán ìrìn wò, pé gbogbo kọ́nà lòun ti ń dúró dè é, pé òun ni yóò wá gbé ẹrù ẹni méjì gbẹ̀yìn.

“Mo ti yọ gbogbo ohun tó ṣeé yọ,” ó ní. “Ìwọ ló kù.”

“Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi?”

“Tó o bá ti so okùn rẹ̀ tán.”

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin tó mọ ìṣirò tó báyìí rò pé aránṣọ á so okùn mọ́ àgọ́ láì mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ ti lọ. Obìnrin náà wo ẹnu tó sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ òun náà ni. Ojú rẹ̀ wá lọ sára máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán jíìnsì ṣì wà nínú rẹ̀; òun ni ọkọ fi lu aṣọ fẹ́lẹ́ náà. Ó mú àgọ́ lọ́tùn-ún lósì, ó rọra fà á, ojú rírán ọkọ rẹ̀ sì ya láti òkè dé ilẹ̀.

Oníwọ̀n káwọ́ lérí. Ọjọ́ ìrìn àjò ti sún mọ́ tán, kò sì síbi tó ti lè rí òmíràn. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun tún un rán. Obìnrin náà ní kò burú, òun á rán an fún ẹnì kan. Ọkàn ọkọ balẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni, ṣùgbọ́n kò jọ pé wọ́n kọ́ ọ ní iléèwé tirẹ̀.

Obìnrin náà gé gbogbo etí tí abẹ́rẹ́ ńlá ti lu kúrò. Ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín rán an, ó fi gọ́ọ̀mù dí ojú rírán kí òjò má bàa wọlé, ó so okùn. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọkọ̀ gbéra, ọkọ wá gbà á. Ó ní òun fẹ́ dán an wò, ó sì rá wọnú rẹ̀. Orí wọlé, èjìká wọlé. Láti orúnkún dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wà níta. Ó sún sókè, orí yọ.

“Ìyá wọn,” ó ní láti inú aṣọ, “ó kúrú.”

“Kò kúrú. Ó bá mi mu.”

Obìnrin náà ń di báńdéèjì orúnkún rẹ̀ sínú àpò ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní òun á rọra máa rìn, kò ní sí ẹni tí á máa dúró de òun ní kọ́nà. Ohùn ara rẹ̀ ya òun pàápàá lẹ́nu.

“Èmi ńkọ́?”

“Mo ti wọ̀n ẹ̀yin náà, Bàbá wọn, ẹ wúwo jù. Ẹ rọra jáde, aṣọ yẹn fẹ́lẹ́.”