Ewé Dí Gọ́tà Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Ládépọ̀

"Àlá kan ni mo lá láàárọ̀ yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ bá mi gbọ́ ọ o." Báyìí ni Bàbá Ládépọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, níbi tí òun àti àwọn aláìsàn mẹ́rin ti ń dúró kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Ṣọlápẹ́, jókòó tì í. Ìyá yìí kò bá a wá síbẹ̀ rí. Bàbá fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó sin òun lónìí.

Wòlé-wòlé ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń yọjú wo ìkòkò omi onílé, tó ń pariwo lé wọn lórí nítorí gọ́tà tó dí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ náà, díẹ̀ ló kù kó gbabẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń lo oògùn méjì: ọ̀kan fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìkejì kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́.

Àlá náà bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ òsì bàbá dìde lórí ibùsùn, ó wọ sálúbàtà, ó ní òun ń lọ sílé ìwòsàn.

"Ṣé o ò ní dúró dè mí ni?" ni bàbá bi í.

"Mo ti dúró tó," ni ẹsẹ̀ dá a lóhùn.

Bàbá kò bá a jà. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan tó kù fò tẹ̀ lé e, ó ń kí àwọn ará àdúgbò, àwọn náà sì ń kí i padà, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àgbà ṣe ń rìn.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ilé ìwòsàn ti kúrò lórí ilẹ̀. Ó léfòó sórí òkun epo pupa tó dì bí epo ìgbà ọyẹ́. Ẹyin bíbọ̀ kan tó dé fìlà ló ń tukọ̀.

"Bàbá, ẹ wọlé," ni ẹyin wí. "Wọ́n ní kí ẹ dín èmi àti ẹran ọlọ́ràá kù. Ó dáa bẹ́ẹ̀, a ò bínú. Ṣùgbọ́n kí lẹ fi rọ́pò wa?"

Bàbá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹyin sì tukọ̀ lọ títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá kan tó so táì wà nídìí tábìlì. Ó bi í léèrè ohun tó ń jẹ. Bàbá ní ẹ̀kọ, mọ́ín-mọ́ín àti ẹja díẹ̀.

"Ṣé o ò fi nǹkan mìíràn kún un?"

"Rárá o, sà."

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ni irùngbọ̀n ọ̀gá gùn, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, táì sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Òbúkọ ní kó la ẹnu. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó yọjú wò ó bí ìgbà tí wòlé-wòlé bá ń yẹ ìkòkò wò.

"Mo rí tanwíjí," ni òbúkọ wí. "Òórùn ewé ugwu sì ń bọ̀ láti ọ̀fun. Wòlé-wòlé, ìwọ náà!"

Òbúkọ ò parọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Ìyá Ṣọlápẹ́ ti ń fún omi ugwu fún àbúrò rẹ̀, ife ńlá kan láràárọ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ló pa Ọládòkun, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, ìyá sì ti búra pé àìtó ẹ̀jẹ̀ ò ní mú ọmọ ìyá òun lọ mọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún bàbá nílé ìwòsàn pé irú ewé bẹ́ẹ̀ a máa bá oògùn rẹ̀ jà, pé ìwọ̀n kan náà ni kó máa jẹ, bí ìyípadà bá sì wà, kó sọ. Kò sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbé ife dúró níwájú rẹ̀, á máa wo ẹnu rẹ̀ títí yóò fi mu ún tán. Ta ni yóò kọ irú rẹ̀?

Ilẹ̀ ọ́fíìsì là, bàbá jábọ́ sínú ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀. Gọ́tà kan wà níbẹ̀ tí ewé dí pa. Àwọn èèyàn pupa tò sí ẹ̀yìn ewé náà pẹ̀lú ẹrù lórí, wọn ò rí ọ̀nà kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ kan, róbótó bíi hóró oògùn, ń fi ṣọ́bìrì kó ewé, obìnrin kan tó kọ̀yìn sí wọn sì ń da agbọ̀n mìíràn sí i.

"Ta ló ni gọ́tà yìí?" ni bàbá jágbe, bó ṣe máa ń jágbe mọ́ onílé.

"Ìwọ ni," ni òṣìṣẹ́ kan wí. "O ní o ò jẹ ewé. Ọ́fíìsì wá rò pé ọ̀lẹ ni wá, wọ́n fi kún oògùn rẹ, wọ́n kó èèyàn kún wa."

"Màá ní kí obìnrin yẹn dáwọ́ dúró lónìí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Òṣìṣẹ́ náà mi orí. "Bí ewé bá tán lójijì, tí o ò sọ fún ọ́fíìsì kí wọ́n dín wa kù, a ó gbẹ́ gọ́tà yìí lu ni. Ẹ̀jẹ̀ á máa ya jáde níbi tó bá wù ú. Àfi kí o sọ."

Ẹ̀rù ba bàbá, ẹ̀rù gidi. Ọládòkun jókòó sí etí gọ́tà, ó ń jẹ gúgúrú. "Àlàó," ló wí, ó fi oríkì pe bàbá, "ta ni yóò sọ fún un?" Obìnrin náà yíjú padà. Ìyá Ṣọlápẹ́ ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá la ẹnu láti pè é, ni òbúkọ bá sáré dé, ó fi òǹtẹ̀ lu ètè rẹ̀, ètè méjèèjì sì lẹ̀ pọ̀.

Ó jí. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni omi tó ń kán láti inú asẹ́ sínú ife nílé ìdáná.

"Àlàó, o ti jí? Ó ti ṣe tán o," ni Ìyá Ṣọlápẹ́ ké sí i.

Ó dìde, ó lọ mu ún.

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti rẹ́rìn-ín òbúkọ títí, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá dé ibi ife yìí, gbogbo wọn yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Ṣọlápẹ́ ò rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Àlàó, ṣé èmi ni mò ń pa ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, àlá lásán ni."

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ wọlé. Bàbá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, nọ́ọ̀sì sì bi í pé, "Bàbá, ṣé kò sí ìyípadà kankan nínú oúnjẹ yín?"

"Rárá o." Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ìyá Ṣọlápẹ́ gbá etí tábìlì mú. "Ọmọ mi, má dá a lóhùn. Omi ugwu ni, ife kan láràárọ̀, fún oṣù mẹ́ta gbáko. Èmi ni mò ń fún un. Mo ṣe bí ẹ̀jẹ̀ ni mò ń fi kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó fa àga fún ìyá, ó ní kó jọ̀ọ́ sọ fún òun bí ife náà ṣe tóbi tó. Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi wọ̀n ọ́n. Bàbá na ọwọ́ tirẹ̀, ó bá a di ọwọ́ náà mú síbi tó yẹ kó wà.