Àmì Pupa Ìdí Abọ́

Ràhmát, ọmọ ọmọ mi, ń ta dígí tòkunbọ̀ ní Ajah: abọ́ aláràbarà, ìgò tí wọ́n ń ki òdòdó sí, ẹyẹ dígí tí àwọn onílé ńlá máa ń gbé sí pálọ̀. Tí orúnkún mi bá gbà fún mi, màá wọ kẹ̀kẹ́ láti Jakande lọ jókòó tì í. Tí ẹrù bá dé, a jọ máa ń tú u ni, tí a ó máa bọ́ bébà ìròyìn òyìnbó kúrò lára wọn.

Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí dígí ti wá. Ó máa ń dojú ẹ̀ bolẹ̀. Tó bá ní àpá róbótó nídìí bí ìdodo ọmọ, a jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi fẹ́ ẹ. Ibi tí wọ́n ti gé e kúrò lára irin tí wọ́n fi dì í mú nìyẹn. Tí ìlà bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ ló ṣe é. "Màmá, èyí ní ìdodo o, ìyá ẹ̀ ń bẹ níbì kan," Ràhmát á wí, á sì máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, oníbàárà ẹ̀ kan tó ń pè ní Àǹtí Adébùkọ́lá wá láti Thomas Estate. Obìnrin yìí kì í ra ohun tí kò bá mọ ìlú ẹ̀. Ó gbé abọ́ aláwọ̀ ewé kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, tí fọ́nrán pupa yí ẹnu ẹ̀ po. Ó dojú ẹ̀ dé.

"Ràhmát, ìdodo wà níbẹ̀ o. Wo àmì pupa yìí, róbótó tí wọ́n fa ìlà dábùú ẹ̀. Sáìnì ará Italy tó ṣe é nìyí!"

Ó fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, ó ní fóònù á sọ orúkọ onítọ̀hún.

Mo ní, "Ọmọ mi, gbé e wá kí n wò ó."

Mo gbà á. Mo fi èékánná ha àmì náà díẹ̀.

"Kútẹ́ẹ̀sì ni," mo ní. "Èmi ni mo kùn ún."

Àǹtí Adébùkọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Ha, Màmá! Ẹ wà ní Italy tí ẹ ń fẹ́ dígí, ẹ ò sì sọ fún wa?"

Ràhmát náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Láyé ìgbà tiwa, tí aládùúgbò bá fẹ́ ṣe ìnáwó, á yá abọ́ àti ìkòkò kiri ilé. Kí tiwa má baà pòórá, kálukú á fi ọ̀dà tàbí kútẹ́ẹ̀sì sàmì sídìí tiẹ̀. Èmi tí ìwé mi ò pọ̀, àmì róbótó pẹ̀lú ìlà ni tèmi. Òyìnbó Italy kan tí ọkọ mi, bàbá Afusat, ń se oúnjẹ fún ní Àpápá ló fi abọ́ yẹn ta á lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílé.

Afusat ni àkọ́bí mi, ẹ̀gbọ́n bàbá Ràhmát. Nígbà tó ń lọ sí Manchester, mo bu ṣúgà kún abọ́ náà, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo ní kí ọ̀nà ẹ̀ dùn. Ó ní, "Ìyá mi, mo yá a ni o. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wálé." Ó máa ń pè mí dáadáa. Nígbà tó yá, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, pé bóyá kò níwèé ìgbélùú, ló fi ń sá pamọ́. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ẹni tó ń sá pamọ́ ṣì wà láàyè.

Mo wo inú abọ́ náà, mo fi ìka wá a kiri. Nílé wa, ẹni tó bá yá abọ́ kì í dá a padà lófìfo. Ì báà ṣe iyọ̀ díẹ̀, ì báà ṣe obì kan, nǹkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí mo ṣe tọ́ Afusat nìyẹn. Abọ́ náà mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

"Ràhmát, pe ẹni tó di ẹrù yìí."

"Màmá, abọ́ máa ń jọra wọn o."

"Mo ní pè é!"

Bíọ́dún ni ẹni náà ń jẹ́, Manchester ló ti ń kó ẹrù jọ fún un. Ràhmát bi í léèrè abọ́ aláwọ̀ ewé náà, ó fi fóònù sí sípíkà kí n lè gbọ́.

"Aláwọ̀ ewé? Mo rántí ẹ̀ dáadáa. Ilé obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni wọ́n ní ká lọ kó ẹrù ẹ̀, yàrá kan ṣoṣo. Ó ti kú. Kò sẹ́bí tó yọjú. Kí ló dé, ṣé ó fọ́ ni?"

"Kí lorúkọ ẹ̀?" mo bi í.

"Ta ló ń sọ orúkọ fún àwa akẹ́rù? Ẹní ìkírun kan wà nílẹ̀, abọ́ yẹn sì wà lójú fèrèsé. Ṣúgà ló kún inú ẹ̀, ó ti dì bí òkúta. Ó pọ́n mi lójú kí n tó rí i họ dànù. Mo fọ̀ ọ́ fún ẹ dáadáa, àbí kò mọ́?"

Ràhmát pa fóònù náà. Kò lè wo ojú mi. Àǹtí Adébùkọ́lá kúnlẹ̀ sínú bébà tí a bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dákun, mi ò mọ̀."

Mo fi ìborùn mi di abọ́ náà, mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ títí dé Jakande.

Lọ́jọ́ kejì, tí àwọn ààfáà ń bọ̀ wá ṣàdúrà fún Afusat, Ràhmát ti bu ṣúgà tuntun kún abọ́ náà kí n tó kírun tán. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá bá mi.

Mo ní kó dà á padà sínú ọ̀rá. Afusat ti fi ṣúgà tiẹ̀ sínú abọ́ náà dè mí, wọ́n sì ti dà á nù.