Pákó Oògùn Ikán

Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin Ameen, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ikọ́ pa, ni ìkìlọ̀ dé láti ọjà pákó Dei-Dei ní Àbújá: inú oògùn ikán ni wọ́n rẹ àwọn àjákù pákó tí Jàbárù ń kó wálé fún ìdáná sí. Ràdíátù, ìyàwó rẹ̀, wo ààrò inú yàrá wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi pákó náà dáná. Ummulkhulthum, ọmọ ọwọ́, ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ìyá Ameen, èéfín ló tọ́ èmi náà dàgbà,” Jàbárù ní. “Ṣáà máa ṣí fèrèsé.”

“Èéfín igi ayín ni tiyín, Bàbá Ameen, kì í ṣe ti májèlé. Mò ń gbé ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìlọrin lónìí. Mi ò ní padà.”